Ìbò Ojú Àlejò

"Kí ẹ tó tún fọwọ́ kan èso ólífì lórí igi, ẹ ò ní rí èéfín ààtàn yìí mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu, àwa la máa ṣe é. Ohun tí ìjọba tuntun túmọ̀ sí nìyẹn."

Gómìnà ẹkùn wa ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún kánsù àkọ́kọ́ tí gbogbo wa jọ dìbò yàn ní Bir Lahrech. Ó di gbohùngbohùn mú, ó sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí èéfín má baà kan aṣọ rẹ̀. Aṣojú àjọ ìrànwọ́ kan láti òkè òkun dúró tì í, ó ń mi orí sí gbogbo gbólóhùn tí ògbufọ̀ bá túmọ̀ fún un. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti ka ìmọ̀ òfin ìjọba gba oyè kejì ní Tunis, mo sì mọ ohun tí òfin tuntun wí: pé gbogbo ilẹ̀ Tùnísíà, láti etí òkun dé aṣálẹ̀, gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kánsù tí ará ìlú fúnra wọn yàn. Ṣáájú òfin yìí, abúlé wa, Ouled Ghrib, kò sí lábẹ́ kánsù kankan. Ìlú Bir Lahrech ní kánsù. Àwa ní ààtàn Bir Lahrech. Ọkọ̀ wọn á kọjá ààlà, á da pàǹtírí ìlú wọn sẹ́yìn ilé wa, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á padà sílé. Bí a bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní a kì í ṣe ará ibẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe dé, wọ́n fà wá mọ́ wọn. Ẹni tó ń da pàǹtírí sẹ́yìn ilé wa wá di ìjọba wa.

Màmá mi, Mabrouka, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ilé wa ló gbẹ̀yìn ní Ouled Ghrib, òun sì ni èéfín kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Dókítà kan ní Kairouan yẹ àyà wọn wò, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì fi ọ̀rọ̀ bò: "Èéfín yẹn tàbí màmá yín. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀." Mo jíṣẹ́ fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn.

"Sọ fún dókítà ẹ pé èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀."

Bàbá mi tó ti dolóògbé ló gbin igi ólífì tó yí ilé náà ká. Ẹ̀gbọ́n mi, Ramzi, ní yàrá ní Tunis tó lè gba màmá, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí gómìnà ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni mo gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé màmá mi lè máa gbé inú ilé wọn kí wọ́n sì máa mí.

Àjọ ìrànwọ́ náà ló gbé ètò ìpinnu kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ kan fún kánsù tuntun, ṣùgbọ́n kì í ṣe alága ló máa yan iṣẹ́ náà, ará ìlú ni. Wọ́n gbà mí gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ fún ìpàdé, nítorí pé èdè Faransé mi já gaara, àti nítorí pé láti ìgbà tí mo ti gbàwé ẹ̀rí, kò tíì sí ẹlòmíràn tó pè mí síbi iṣẹ́ kankan. Obìnrin tó ń darí ètò náà ń jẹ́ Annelie. Màdáàmù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kì í gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Ó máa ń bọ́ bàtà kó tó wọlé wa. Ó jẹ kúsíkúsì màmá mi, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe sè é. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ènìyàn búburú ni. Ènìyàn búburú ì bá rọrùn fún wa.

Yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ ni a ti ṣèpàdé. Abúlé mẹ́ta ló péjọ: àwa, àwọn ará Ouled Nasr tó wà lókè ọ̀nà, àti àwọn ará Dachra tó wà létí odò gbígbẹ. Wọ́n fi páálí ńláńlá mẹ́rin kọ́ ara ògiri, wọ́n sì ya iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ara wọn. Ọ̀kan ni pé kí wọ́n ti ààtàn pa, kí wọ́n gbé e lọ síbi tó jìnnà sílé. Òmíràn ni pé kí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà Ouled Nasr. Ìkẹta, kí wọ́n gbé iná sí òpópónà Dachra. Ìkẹrin ni ọgbà ìgbafẹ́ kan tó ní bẹ́ńṣì àti jáńgílọ́fà fún àwọn ọmọdé. Màdáàmù fọwọ́ kan àwòrán ìkẹrin yìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọbìnrin òun kékeré ló bá òun kùn ún. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo rí i bí ojú gbogbo ènìyàn inú yàrá ṣe rọ̀.

Àlájì Laroussi, tí í ṣe àgbà Ouled Ghrib, ti jókòó níwájú, wọ́n gbé ọ̀pá lé orúnkún. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Rihem! Lọ́yà tí ò rí kóòtù! Àwọn òyìnbó ti gbà ẹ́ síṣẹ́?"

"Fún ìpàdé yìí nìkan ni, Àlájì."

"Kò burú. Adìẹ tó bá yé ẹyin kan ṣoṣo, wọn ò lè pè é lágàn mọ́."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ebi ń pa kì í nawọ́ sí ẹran. Á tì í síwájú ẹni tó jókòó tì í. Ẹni yẹn á dá a padà. Òun náà á tún tì í, títí gbogbo àwọn tó yí àwo ká á fi mọ ẹni tí kò tíì jẹun láti àná. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín omi kànga lákòókò ọ̀dá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín pápá fún àgùntàn. Abúlé kan á ní kí ti èkejì ṣáájú. Èkejì á búra pé kò lè ṣeé ṣe láyé. Nígbà àkọ́kọ́, ìwà ọmọlúàbí là ń ṣe. Nígbà kejì, a ń wádìí ara wa. Nígbà kẹta, òótọ́ á jáde, a ó sì ka Fátíhà lé e lórí, ó parí. Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, yálà àjèjì ni tàbí olè.

Lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì wà nínú yàrá.

Màdáàmù pín bébà roboto aláwọ̀ ewé, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, mẹ́ta-mẹ́ta fún olúkúlùkù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí aláriwo má baà darí ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré, kí gbogbo ènìyàn kàn dìde, kí wọ́n lẹ tiwọn mọ́ ohun tó bá wù wọ́n. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ká má sọ̀rọ̀ kẹ̀?" Àlájì Laroussi ní. "Báwo la ṣe máa wá pinnu?"

"Bébà ló máa sọ ọ́, Àlájì."

"Bébà ò lẹ́nu."

"Ti òyìnbó lẹ́nu!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ó tún gbọ́ Faransé!"

Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, Àlájì dìde. Wọ́n rìn dé ìdí ògiri, wọ́n sì lẹ bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lọ́wọ́ wọn mọ́ ọ̀nà Ouled Nasr. Wọn kò lè pa á mọ́ra, wọ́n ní: "Ti àwọn èèyàn wa yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ wọn ń rìn nínú ẹrẹ̀." Màdáàmù fi ìka lé ètè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kan Bàbá Sadok, àgbà Ouled Nasr. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu wọn: "Láéláé, Àlájì! Ti yín ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, èéfín ń pa yín!" Ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bàbá Sadok dúró níwájú àwòrán ààtàn náà pẹ́ títí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lẹ́nu, ìyọ́nú ni. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láìsọ̀rọ̀, lójú àlejò, ńṣe ni wọ́n ń nàka sí aládùúgbò wọn pé inú ìdọ̀tí ló ń gbé. Wọ́n kọjá lọ. Wọ́n lẹ tiwọn mọ́ iná Dachra. Àwọn ará Dachra náà kò lè yan iná ara wọn, wọ́n yan ohun tí ọmọ àlejò kùn.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Màmá mi rìn lọ bí ẹni tó ń kó ọjà jọ: wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ọ̀nà, ọ̀kan mọ́ iná, ọ̀kan mọ́ jáńgílọ́fà, wọ́n wú ikọ́ sínú ìborùn, wọ́n padà sí àyè wọn. Nígbà tí gbogbo ènìyàn jókòó, ọgbà ìgbafẹ́ ló borí. Ààtàn ló gbẹ̀yìn. Bébà mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀, Lamine ló sì lẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkùnrin kan tó kó wá láti Sfax, tí wọ́n ṣì ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ títí di òní.

Mo lọ bá màmá níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò fún ara yín ní ẹyọ kan!"

"Ojú àlejò ni mo ti fẹ́ máa pariwo pé ebi ń pa mí? Ìyá tó bí mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n lọ ná. Tí wọ́n bá lọ, a máa sọ ọ́."

Mo padà sọ́dọ̀ Màdáàmù. Mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí mo mọ̀ pé obìnrin tó bá bínú níwájú irú wọn, ìbínú rẹ̀ ni wọ́n ń rántí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní ohun tó rí lára ògiri kì í ṣe ìdáhùn, pé ìbẹ̀rẹ̀ ìjíròrò ni. Mo ní kó jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní: "Rihem, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn yín ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ta ni èmi tí màá ní kí wọ́n tún un sọ títí wọ́n á fi sọ ohun tó tẹ́ ìwọ lọ́rùn?" Ó wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ó dá òun lójú pé nítorí màmá mi ni mo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, àti pé ó yé òun.

Òótọ́ ni. Nítorí màmá mi ni. N kò mọ ìgbà tí ìyẹn di ẹ̀sùn.

Ṣùgbọ́n Annelie jẹ́ àjèjì. Taoufik Mzoughi, alága kánsù, kì í ṣe àjèjì. Ouled Nasr ni wọ́n bí i sí. Ó ti jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú gbogbo wa, wọ́n sì ti ti ẹran síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí Bàbá Sadok dúró níwájú àwòrán ààtàn, mo wo ojú alága, tí òun náà jókòó nínú yàrá. Ó rí i. Ó yé e ju bó ṣe yé mi lọ. Ó sì wo fóònù rẹ̀. Ààtàn ṣòro: wọ́n gbọ́dọ̀ wá ilẹ̀ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ìlú Bir Lahrech, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ nínú ìbò, jà lórí ibi tí pàǹtírí wọn máa lọ. Ọgbà ìgbafẹ́ rọrùn. Ènìyàn lè ya fọ́tò níwájú rẹ̀.

Ọkọ̀ àwọn àlejò kò tíì kọjá mọ́ṣáláṣí tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́.

"Àlájì Laroussi, ẹ ò ṣe dáadáa o!" Bàbá Sadok ló kọ́kọ́ ké. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bú wa ni? Pé a da ọ̀dà sọ́nà, nígbà tí Mabrouka ò lè mí?"

"Ẹ fi Mabrouka sílẹ̀, ọmọ yín ń rìn nínú ẹrẹ̀."

"Ẹrẹ̀ kì í pa èèyàn! Wallahi, ọ̀dà yẹn ò ní kan ọ̀nà wa tí èéfín yẹn bá ṣì wà!"

"Àwa náà ò fẹ́ iná," ni àwọn ará Dachra wí. "Òkùnkùn la bá láyé."

Wọ́n pariwo mọ́ ara wọn tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n búra, wọ́n tún yí ìbúra padà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò láìku ẹnì kan: ààtàn ni. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n ka Fátíhà. Ìbò wa nìyẹn. N kò tíì ka ìwé òfin kan tó ṣàpèjúwe èyí tó mọ́ jù ú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà wọ aṣọ tó dára jù lọ, èmi náà tẹ̀ lé wọn, a lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Alága gbé tíì síwájú wa.

"Ẹ̀yin bàbá mi, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n èsì ti lọ sí Tunis. Àwọn òyìnbó ti ya fọ́tò."

"Alága," mo ní, "òfin fún kánsù lágbára láti tún ìpinnu ṣe. Ẹ pe ìjókòó kan péré."

"Rihem, àbúrò mi, ìwé lo kà. Àdéhùn àjọ náà sọ pé ohun tí ará ìlú bá yàn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí i padà. Nítorí àwa olóṣèlú ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Wọn ò fọkàn tán wa."

"Taoufik," Bàbá Sadok ní, "ìwọ náà jẹun nínú àwo wa. O mọ ohun tá a ṣe lánàá."

"Bàbá, ti àwo yàtọ̀, ti ìjọba yàtọ̀."

"Nígbà tó ò ń wá ìbò, àwo kan náà ni."

Alága tún bu tíì. Ó ní kí a mu tíì kó má baà tutù.

A lọ sí ọ́fíìsì gómìnà. Lẹ́yìn tí a ti dúró títí oòrùn fi yí, ó jáde sí wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní kí a jókòó. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe sọ ọ́. Ó gbà pé òun ló sọ ọ́. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé ẹnì kan há a sórí.

"Ṣé mi ò ní ẹ̀yin lẹ máa pinnu? Ẹ sì ti pinnu. Ọgbà lẹ sọ pé ẹ fẹ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gba ìpinnu yín lọ́wọ́ yín ni? Ìjọba àtijọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o."

Mo ti ronú lórí ìdáhùn yẹn ju bí mo ṣe ronú lórí gbogbo ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì. Kò sí ihò kan tí ènìyàn lè gbà wọ inú rẹ̀. Lábẹ́ ìjọba àtijọ́, wọ́n á da pàǹtírí sí wa lọ́rùn, wọ́n á ní ká dákẹ́, a ó sì mọ ẹni tó ṣe é. Ní ìsinsìnyí, wọ́n dà á sí wa lọ́rùn, wọ́n ní ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tí a sọ hàn wá pé àwa la ṣe é. Wọ́n gba ìtìjú màmá mi, wọ́n sọ ọ́ di ìfọwọ́sí. Wọ́n gba ìwà tó jẹ́ kí abúlé mẹ́ta máa gbé pọ̀ láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kà á bí òǹkà, wọ́n sì ní iye tó jẹ́ nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe èyí ní gbígbọ́ ohùn wa.

Àwọn Yorùbá, tí mo ń kọ èyí fún ní èdè wọn, ní òwe kan tó bá wa mu: ojú àlejò la ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti í san án. Ẹ̀yìn rẹ̀ la wà láti ìgbà náà.

Wọ́n kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ náà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí kánsù ní tó ṣófo wà ní òdìkejì ọ̀nà sí ààtàn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Alága gé ríbọ́nù. Bẹ́ńṣì mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n kun jáńgílọ́fà ní pupa àti ofeefee gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi di dúdú. Ọmọ tó bá gùn ún lọ sókè á wọ inú èéfín, á padà wá sísàlẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Àwọn ìyá kó ọmọ wọn nílẹ̀ níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló kù tó ń lọ síbẹ̀. Annelie ti lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó kọ lẹ́tà ìdágbére sí mi, ó ní òun kọ́ ẹ̀kọ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yìn ìkórè ólífì kejì ni àjọ náà rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Florian láti wá ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ wọn. Wọ́n tún pe èmi láti ṣe ògbufọ̀. Alága kó àwọn ènìyàn jọ sínú ọgbà náà, ní ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gba ibòmíràn, wọ́n sì ti fọ bẹ́ńṣì. Florian tẹ ara rẹ̀ ba, ó bi Àlájì Laroussi bóyá wọ́n ń gbádùn ọgbà náà.

Àlájì wo ọmọ náà. Ó ti rìn láti ọ̀nà jíjìn, òógùn bò ó lójú.

"Ó dára gan-an ni, ọmọ mi. Ọlọ́run á san yín lóore."

"Àlájì," mo ní, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n túmọ̀ rẹ̀?"

"Túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àlejò ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Florian kọ ọ́ sílẹ̀. Alága mi orí bí ẹni tí wọ́n jẹ́rìí fún ní kóòtù. Ìgbà náà ni màmá mi dìde lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ti rù gan-an nígbà yẹn. Ìborùn wọn nìkan ló kún.

"Rihem, túmọ̀ tèmi náà." Wọ́n kọjú sí Florian. "Ọmọ mi, ẹ má bínú. Ebi ń pa mí. Ẹran wà níwájú yín, mo ń wò ó láti ọdún méjì, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Mi ò lè mí nínú ilé ọkọ mi."

Àlájì fa fìlà bojú. N kò tíì rí i rí láyé mi kí obìnrin tó tó màmá mi lọ́jọ́ orí nawọ́ sí ẹran níwájú àlejò, ó sì dùn mí wọra pé èmi ni wọ́n lò láti nà án.

"Màmá!" alága ní. "Màmá, àlejò nìyí o!"

"Taoufik, mo mọ ìyá ẹ. Àlejò tó bá pẹ́ tó ọdún méjì nínú ilé, ó yẹ kó mọ ibi tí òrùlé ti ń jò."

Bàbá Sadok dìde. "Òótọ́ ló sọ." Àwọn ará Dachra náà dìde. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń nàka sí ààtàn, wọ́n ń búra, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe búra ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n lójú àlejò lọ́tẹ̀ yìí. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan.

Ìtìjú mú kí ojú Florian pupa. Ọmọ gidi ni. Ó ní ó dun òun, pé òun kò mọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun kò ju kí òun ṣàyẹ̀wò ọgbà lọ. Ààtàn kò sí nínú ìpele iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n òun máa kọ ọ́ pé kí wọ́n fi sínú ìpele tó ń bọ̀.

"Kí ló ní?" màmá bi mí.

"Ó ní wọ́n á kọ ọ́, Màmá."

"Kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

Kó tó lọ, Florian ní kí a jọ ya fọ́tò. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí ará ìlú ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òmìnira bẹ́ẹ̀.

Ìpele tó ń bọ̀ kò bọ̀. Mo kọ̀wé sí àjọ náà. Wọ́n dáhùn pé ètò wọn ní ẹkùn wa ti parí ní àṣeyọrí, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ̀wé sí kánsù. Kánsù kò dáhùn. Nígbà tí òtútù mú, tí èéfín kò lè gòkè mọ́, tó kàn ń nà gbalaja lórí ilẹ̀ láti àárọ̀ dé àárọ̀, màmá dákú sẹ́nu ọ̀nà. Ramzi gbé ọkọ̀ wá láti Tunis. Màmá kò bá a jiyàn.

Àlájì Laroussi wá dágbére. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí.

"Mabrouka, dárí jì mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Àlájì. Ẹ ṣe bí ọmọlúàbí. Ẹni tó gbà yín gbọ́ ló ṣẹ̀."

Yàrá Ramzi wà ní òkè kẹta. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Màmá ń mí dáadáa níbẹ̀, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú ilé àti àwọn igi.

Gómìnà ní kí a tó tún fọwọ́ kan èso ólífì, a kò ní rí èéfín mọ́. A ti ká ólífì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà náà. Wọn kò ti ààtàn pa. Wọ́n dáná sí i láàárọ̀ yìí.